Ibi Tí Páìpù Onírin Ti Pàdé Àpótí Iná

Páìpù oníke ló kún inú ògiri ilé gbígbé wa lónìí, kò sì burú bẹ́ẹ̀: kò wọ́n, kì í dípẹtà, ọmọ iṣẹ́ sì lè tẹ̀ ẹ́ láìsí wàhálà. Àmọ́ tí ẹ bá wọ ilé iṣẹ́ ńlá ní Agbára, ní Ọ̀tà tàbí ní Ìkẹjà, ẹ ó rí páìpù onírin lára ògiri. Òun ló ń gba wáyà lọ́wọ́ ọkọ̀ tí ń gbẹ́rù kiri, lọ́wọ́ eku àti lọ́wọ́ ooru ẹ̀rọ. Orí ìwé yìí kò dá lórí gbogbo gígùn páìpù náà. Ẹnu rẹ̀ la ń bá wí, níbi tó ti wọ inú àpótí onírin, ì báà jẹ́ bọ́ọ̀dù bírékà, ì báà jẹ́ àpótí sùwíìsì tàbí àpótí tí a ti ń so wáyà pọ̀. Àárín páìpù kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀. Ẹnu àpótí ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́, tí kò sì ní í hàn sí ẹnikẹ́ni títí ọjọ́ tí wáyà bá bó.

Ọ̀nà tí iná gbọ́dọ̀ gbà padà

Ká ní wáyà láìfù kan bó, tí bàbà inú rẹ̀ sì fi ara kan ikùn àpótí. Bí irin àpótí náà kò bá so mọ́ ibì kankan, ó ti gba 230 fóòtì nìyẹn, kò sì sí àmì kankan lára rẹ̀ tí ojú lè rí. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án lórí ilẹ̀ tútù, iná lè gbé e títí ẹ̀mí á fi bọ́. Bírékà ló yẹ kó gba onítọ̀hún sílẹ̀, ṣùgbọ́n bírékà kò mọ ènìyàn, kò sì mọ àpótí. Bí iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ṣe pọ̀ tó nìkan ló mọ̀. Kí ó tó lè já kíákíá, iná gbọ́dọ̀ ya gìrìgìrì gba ara àpótí, gba ara páìpù, dé ibi tí wáyà áàtì gbogbo ilé ti pàdé, kí ó sì padà sí orísun rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà wò ó. Bírékà 32 áńpù irú B ń fẹ́ 160 áńpù, ìyẹn ìlọ́po márùn-ún, kí ó tó dájú pé yóò já lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi 160 pín 230, ẹ ó rí 1.44 óòmù. Gbogbo ìdènà tí iná lè bá pàdé lójú ọ̀nà nìyẹn, láti tiransifọ́mà gba inú wáyà láìfù dé ibi tó ti bó, àti láti ibẹ̀ gba ara irin padà sílé. BS 7671, ìwé òfin wáyà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àṣà iṣẹ́ wa ní Nàìjíríà ti ṣẹ̀ wá, tilẹ̀ dín in kù sí 1.37, nítorí fóòtì kì í fìgbà gbogbo pé.

Wàyí o, ká sọ pé ọ̀dà wà láàárín páìpù àti àpótí, tí ojú ìpàdé yẹn nìkan sì ní 2 óòmù. Kódà bí ohun yòókù lójú ọ̀nà kò bá ní ìdènà rárá, iná tó lè kọjá kò lè ju 115 áńpù lọ. Bírékà kò ní í já lójú ẹsẹ̀ mọ́. Yóò dúró títí yóò fi gbóná, èyí sì lè gba ìṣẹ́jú àáyá púpọ̀, nígbà tí òfin ń béèrè pé kí irú bírékà bẹ́ẹ̀ já láàárín 0.4 ìṣẹ́jú àáyá. Ní gbogbo àkókò yẹn, àpótí ṣì ń gbé iná. Ojú ìpàdé tí ọ̀dà wà náà á máa gbóná pẹ̀lú agbára tó lè sún mọ́ 26 kìlówáàtì, ní àyè tí kò fẹ̀ ju owó ẹyọ lọ. Tí igi tàbí páálí bá wà nítòsí, ó máa gbiná.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ bá ọ̀pọ̀ oníná jiyàn. Ẹ bi wọ́n léèrè nípa ìsopọ̀ páìpù, wọ́n á ní, “A ti ri ọ̀pá áàtì mọ́lẹ̀, kò séwu.” Ewu wà. Ilẹ̀ kì í ṣe irin. Ká ní ọ̀pá tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní 20 óòmù, tí ti tiransifọ́mà sì ní 2 óòmù. Ẹ fi 22 pín 230: iná tí yóò gba inú ilẹ̀ kọjá kò ju nǹkan bí 10 áńpù lọ. Lójú bírékà 32 áńpù, ẹrù kékeré ni 10 áńpù. Kò ní í já lónìí, kò ní í já lọ́la, àpótí yóò sì máa gbé iná títí ẹnì kan á fi fọwọ́ kàn án. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, tí ilẹ̀ bá gbẹ tán, ìdènà ọ̀pá náà á tún lọ sókè sí i. Ìwé òfin wáyà Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní NEC, sọ ọ́ láìfi bò: a kò gbọdọ̀ ka ilẹ̀ sí ọ̀nà tí iná àléébù máa gbà padà.

Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ilé lọ́dọ̀ wa ni ilé iṣẹ́ mànàmáná kò fún ní wáyà áàtì tirẹ̀, ọ̀pá tí onílé rì mọ́lẹ̀ ni wọ́n gbójú lé. Ohun tó lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni RCD, èyí tí àwọn oníṣòwò ṣì ń pè ní ELCB. Tí 30 míllíáńpù péré bá jò lọ síbi tí kò yẹ, yóò já. Mo gbà pé gbogbo irú ilé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní in. Síbẹ̀, kò rọ́pò ìsopọ̀ tó dáa. Tí páìpù bá rọ̀ lẹ́nu àpótí, iná kò ní ibi tí yóò gbà jò, RCD kò sì ní rí ohunkóhun. Ìgbà tí ènìyàn bá fọwọ́ kan àpótí ni iná yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọ̀nà, ara onítọ̀hún sì ni ọ̀nà náà.

Ohun tí a ń lò

Páìpù tó wọ́pọ̀ ni oní-20 àti oní-25 mìlímítà. Tírẹ́ẹ̀dì wọn jẹ́ 1.5 mìlímítà láti eyín kan dé èkejì, nítorí náà dáì tí wọ́n fi ń gé tírẹ́ẹ̀dì páìpù omi kò bá a mu, bó ti wù kí wọ́n jọra lójú tó. Èyí tí wọ́n kùn ní ọ̀dà dúdú wà fún inú ilé tó gbẹ. Èyí tí wọ́n fi síǹkì bò ló yẹ fún ìta, fún ibi tí omi ti ń ta sí nǹkan, àti fún gbogbo ẹ̀bá òkun láti Badagry dé Lẹ́kkí, níbi tí iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ti ń jẹ irin.

Lẹ́nu àpótí, ohun méjì ló ń di páìpù mú: kọ́púlà tí a lọ́ mọ́ orí páìpù níta, àti búùṣì idẹ tí a ti inú àpótí lọ́ wọ inú kọ́púlà náà. Ara àpótí wà láàárín àwọn méjèèjì, wọ́n sì há a mọ́ra. Ẹ fi wáṣà eléyín sábẹ́ búùṣì náà, kí eyín rẹ̀ lè jẹ wọ inú irin àpótí. Ọ̀nà kejì ni kí a fi nọ́ọ̀tì pẹlẹbẹ méjì há àpótí, ọ̀kan nínú, ọ̀kan níta. Tí nọ́ọ̀tì bá ní eyín tàbí tó tẹ̀ kòtò, ojú tó ní eyín ló gbọ́dọ̀ kọjú sí irin. Èmi fẹ́ràn kọ́púlà àti búùṣì jù, nítorí ojú rẹ̀ tó kan irin fẹ̀, ẹnu búùṣì idẹ sì dán, kì í gé wáyà lára.

Páìpù rírọ̀, èyí tó ń tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún tí wọ́n fi ń wọ inú mọ́tò ẹ̀rọ, kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀nà áàtì rárá lábẹ́ òfin tí à ń tẹ̀ lé, bó tilẹ̀ jẹ́ irin. Ẹ máa fa wáyà áàtì tirẹ̀ gba inú rẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, láti àpótí dé ara mọ́tò.

Iṣẹ́ náà gan-an

Ẹ kọ́kọ́ pa iná. Lọ́dọ̀ wa, pípa iná kì í ṣe ọ̀rọ̀ sùwíìsì kan ṣoṣo. Ìlà mànàmáná wà, jẹnẹrétọ̀ wà, ìnífátà àti bátìrì sólà náà sì wà, ọ̀kan nínú wọn sì lè tan ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ yín ṣì wà nínú àpótí. Ẹ gé gbogbo wọn, ẹ fi àgádágodo sí ohun tó bá gba àgádágodo, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ sápò ara yín, kí ẹ sì fi tẹ́sítà wò ó. Ẹ kọ́kọ́ fi tẹ́sítà náà kan ohun tí ẹ mọ̀ pé iná wà lára rẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́.

Ẹ fi ayùn irin gé páìpù kí ẹnu rẹ̀ gún régé. Gbogbo etí mímú tí ayùn bá fi sílẹ̀ nínú páìpù, ẹ fá a kúrò. Mo ti bá páìpù pàdé tí gbogbo ìsopọ̀ rẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ̀ tí wọn kò fá ti la ara wáyà láìfù nígbà tí wọ́n ń fà á wọlé. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ fi dáì gé tírẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú òróró. Tírẹ́ẹ̀dì kò gbọdọ̀ gùn ju ìdajì kọ́púlà lọ. Èyí tó bá yọ síta kò ní ohun tó bò ó mọ́, ibẹ̀ sì ni ìpẹtà máa ń gbà wọlé.

Ihò àpótí gbọ́dọ̀ bá búùṣì mu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi iná wẹ́dà lu ihò sára àpótí. Ihò náà á fẹ̀ jù, á rí págunpàgun, ojú irin tó kù kò sì ní í kan búùṣì yíká. Irin tí wọ́n fi ń lu ihò yíká wà lọ́jà, owó rẹ̀ kò sì tó owó àpótí kan.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ rèé. Ọ̀pọ̀ àpótí tí à ń rà lónìí ni wọ́n ti kùn nílé iṣẹ́, inú àti ìta, ọ̀dà náà sì le. Ọ̀dà kì í jẹ́ kí iná kọjá. Búùṣì lè fún dan-indan-in lórí ọ̀dà kí ó má sì kan irin níbì kankan, tàbí kó jẹ́ pé ojú tírẹ́ẹ̀dì kan péré ló fi kàn án. Ẹ mú fáìlì tàbí ọ̀bẹ, kí ẹ fá ọ̀dà kúrò yí ihò náà ká, nínú níbi tí wáṣà máa jókòó sí, àti níta níbi tí ojú kọ́púlà máa kàn. Ẹ fá a títí irin á fi máa dán. Ẹ má jẹ́ kí ibi tí ẹ fá fẹ̀ ju wáṣà lọ, nítorí ìyókù yóò dípẹtà. Páìpù dúdú náà ní ọ̀dà. Tírẹ́ẹ̀dì tuntun tí dáì gé ti yọ ọ́ kúrò lórí páìpù, ṣùgbọ́n ẹ wo ojú kọ́púlà pẹ̀lú.

Ẹ fọwọ́ lọ́ kọ́púlà mọ́ páìpù títí tí yóò fi kọ̀, ẹ gbé e sí ẹnu ihò, ẹ ti inú lọ́ búùṣì àti wáṣà wọlé, kí ẹ wá fi sípánà búùṣì fún un. Ọwọ́ nìkan kò tó. Lẹ́yìn náà, ẹ di páìpù mú kí ẹ mì ín gidigidi. Tó bá yí díẹ̀ pẹ́rẹ́, iṣẹ́ kò tíì parí. Ẹ fi ìdè kan páìpù mọ́ ògiri nítòsí àpótí, kí ìwúwo páìpù má bàa máa fa ojú ìpàdé náà. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti dúró ni kí ẹ tó fa wáyà, kí ẹ sì fi ọ̀dà síǹkì kun ibi tí irin ti ṣí sílẹ̀ níta.

Láìfù àti níútírà ojú iná kan náà gbọ́dọ̀ gba inú páìpù kan náà. Tí ẹ bá fa láìfù gba páìpù kan, tí níútírà gba òmíràn, irin páìpù á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná láìsí àléébù kankan níbì kankan.

Àwọn òrùka lára àpótí

Àwọn bọ́ọ̀dù kan wà tí òrùka méjì tàbí mẹ́ta wà lójú ihò kan náà, ọ̀kan nínú èkejì, kí oníná lè yọ èyí tó bá páìpù rẹ̀ mu. Tí ẹ bá yọ òrùka kékeré nìkan, èyí tó tóbi yóò ṣẹ́ kù, ètè irin tíntìntín méjì tàbí mẹ́ta ló sì so ó mọ́ ara àpótí. Ẹ lè fún búùṣì yín dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn ètè yẹn ni gbogbo iná àléébù yóò gbà kọjá. Wọ́n lè yọ́ kí bírékà tó já.

Ní Amẹ́ríkà, òfin NEC kò gbà á níbi méjì. Níbi tí iná ti kọ́kọ́ wọ ilé, nọ́ọ̀tì àti búùṣì lásán kò tó láti jẹ́ ìsopọ̀ kan ṣoṣo. Bákan náà ni lórí ìlà tó ju 250 fóòtì lọ sí ilẹ̀, irú bí oní-277 àti 480 fóòtì tí ilé ìtajà ńlá àti ilé iṣẹ́ wọn ń lò: tí òrùka bá kù lára àpótí, a gbọ́dọ̀ fi wáyà so páìpù mọ́ àpótí, àfi tí wọ́n bá ti dán àpótí náà wò tí wọ́n sì fọwọ́ sí i pé àwọn òrùka rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Búùṣì tó ní etí ni wọ́n ń lò fún un. Ẹ lọ́ ọ mọ́ orí páìpù nínú àpótí, ẹ so wáyà bàbà mọ́ etí rẹ̀, ẹ sì gbé wáyà náà lọ sí ibi tí àwọn wáyà áàtì inú bọ́ọ̀dù ti pàdé.

Èmi a máa ṣe bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà náà nígbàkígbà tí mo bá rí òrùka tó ṣẹ́ kù, tàbí tí ihò bá fẹ̀ ju páìpù lọ tí a sì fi wáṣà ńlá dín in kù. Wáyà náà gbọ́dọ̀ tó: níbi tí wáyà láìfù kò bá ju 16 mìlímítà onígun mẹ́rin lọ, kí ti áàtì bá a dọ́gba, láti ibẹ̀ dé 35, kí ó jẹ́ 16, tó bá ju 35 lọ, ìdajì rẹ̀ tó. Wáyà tó dá wà níta tí nǹkan lè gbá kò gbọdọ̀ kéré ju 4 lọ.

Ibi tí ọ̀nà ti ń já láìròtẹ́lẹ̀

Àpótí onírin bàjẹ́, oníná tó dé lẹ́yìn fi oníke rọ́pò rẹ̀, ó so láìfù àti níútírà pọ̀, iná sì tàn. Gbogbo páìpù àti àpótí tó wà níwájú ibẹ̀ ti pàdánù áàtì wọn, kò sì sí ẹni tó mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí wọ́n bá fi páìpù oníke tún àárín páìpù onírin ṣe. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹ máa fa wáyà áàtì aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò gba inú gbogbo páìpù onírin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin gbà kí páìpù nìkan jẹ́ ọ̀nà áàtì. Àtúnṣe tí a kò mọ ẹni tó ṣe é pọ̀ jù lórílẹ̀-èdè yìí. Àmọ́ wáyà yẹn kò ní kí ẹ má fún búùṣì: tí láìfù bá bó sára páìpù fúnra rẹ̀, páìpù náà gbọ́dọ̀ rí àpótí bá so.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí a de mọ́ àpótí onírin, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé sukúrúù méjì tó dì í mú. Ẹ so wáyà áàtì kúkúrú láti ojú áàtì sọ́kẹ́ẹ̀tì sí ojú áàtì inú àpótí. Ilẹ̀kùn bọ́ọ̀dù ńkọ́? Ọ̀dà máa ń wà nínú ìkọ́ rẹ̀, nítorí náà tí sùwíìsì, mítà tàbí gílóòbù bá wà lára ilẹ̀kùn, ó gbọ́dọ̀ ní wáyà áàtì rírọ̀ tirẹ̀ láti ara àpótí.

Dídánwò

Mọ́ltímítà kékeré kò tó fún iṣẹ́ yìí. Iná tó ń rán jáde kéré gan-an, ojú irin tó kan ara wọn bí okùn irun á sì dà bí ìsopọ̀ gidi lójú rẹ̀. Ẹ lo mítà tí wọ́n ṣe fún dídán wáyà áàtì wò, èyí tó ń rán ó kéré tán 200 míllíáńpù. Kí iná ṣì wà ní pípa, ẹ kọ́kọ́ kan ẹnu okùn rẹ̀ méjèèjì pọ̀ kí ẹ lè yọ ìdènà okùn náà kúrò, kí ẹ wá fi ọ̀kan sí ojú áàtì gbogbo ilé, kí ẹ sì fi èkejì kan irin tó mọ́ lára àpótí tó jìnnà jù. Tí ẹ bá ti fa wáyà áàtì gba inú páìpù, ẹ tú u kúrò ná, kí ẹ lè mọ ohun tí páìpù nìkan ń ṣe. Bí mítà ṣe ń ka nọ́ńbà, kí ẹnì kan máa mi páìpù lẹ́nu àpótí kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà tó bá ń fò sókè sódò ń tọ́ka sí búùṣì tó rọ̀. Páìpù tí a so dáadáa kì í ní ju ìdá díẹ̀ nínú óòmù kan lọ, kódà tó bá gùn.

Ẹ dá wáyà áàtì padà kí ẹ tó tan iná, kí ẹ wá fi mítà tó ń wọn odindi ọ̀nà àléébù wò ó ní ìkángun. Fún bírékà irú B, 16 áńpù, kò gbọdọ̀ ju 2.73 óòmù lọ. Fún B 32, 1.37, fún irú C tí wọ́n ń fi sí mọ́tò, C 32, 0.68 péré. Ẹ dín in kù díẹ̀ sí i, nítorí wáyà tó tutù ni ẹ wọ̀n, ìdènà rẹ̀ á sì pọ̀ sí i tó bá gbóná. Ilé tó gbójú lé ọ̀pá áàtì kò lè dé ibẹ̀, RCD rẹ̀ la ó fi mítà tirẹ̀ dán wò: ní 30 míllíáńpù, ó gbọ́dọ̀ já láàárín 300 mílísẹ́kọ́ńdì. Bọ́tìnnì tó wà lójú RCD kò tó fún èyí, nítorí inú RCD nìkan ló ń dán wò. Yóò já bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí áàtì kankan nínú ilé náà.

Ẹ kọ nọ́ńbà àpótí kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tí ẹ wọ̀n ọ́n sórí ìwé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ilẹ̀kùn bọ́ọ̀dù. NEMSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yẹ iṣẹ́ iná wò, lè béèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n oníná tó máa dé lẹ́yìn yín ló nílò rẹ̀ jù. Tí àpótí kan tó jẹ́ 0.2 óòmù lọ́dún tó kọjá bá di 0.6 lọ́dún yìí, ẹ má dúró de ìdánwò mìíràn. Ẹ pa iná, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí páìpù ti gba ìta tàbí ibi tí omi ti ń jò kọjá, ẹ tú búùṣì ibẹ̀, ẹ fá ìpẹtà rẹ̀, ẹ fi wáṣà tuntun sí i, kí ẹ sì tún un wọ̀n.